Chemsex: ẹ yé pè é ní "ìbálòpọ̀ oníkẹ́míkà"

Ẹ dákun, ta ló kọ́kọ́ túmọ̀ chemsex, ìyẹn kéèyàn dìídì lo oògùn olóró torí ìbálòpọ̀, sí "ìbálòpọ̀ oníkẹ́míkà"? Ara ìwé pélébé kan ni mo ti rí i ní Bódìjà níbí, mo rẹ́rìn-ín títí, àfi bíi pé Izal ni wọ́n ń dà sórí bẹ́ẹ̀dì. "Chem" yẹn, ẹnà ni láàárín àwọn ọkùnrin London tó ń fẹ́ ọkùnrin àtàwọn tó ń fẹ́ tọkùnrin tobìnrin, oògùn olóró mélòó kan pàtó ni wọ́n fi ń pè: crystal meth táwa mọ̀ sí mkpuru mmiri, mephedrone, àti G (GHB tàbí GBL tó ń di GHB nínú ara). David Stuart tó bá wọn ṣiṣẹ́ ní kíliníìkì níbẹ̀ ló jẹ́ kí ayé mọ ọ̀rọ̀ náà.

Ọ̀gá kan wá ní "ìbálòpọ̀ olóògùn" ló dáa. Ní Ìbàdàn wo? Ẹ so "oògùn" mọ́ "ìbálòpọ̀" lọ́jà Ọjẹ́ kẹ́ ẹ wò ó, ẹnì kan á ti máa sọ ìtàn mágùn, ìyá alágbo á sì ti bu àgbo ale fún yín. Ẹlòmíì ní "àgbèrè olóró", ìyẹn ìwàásù ni, kì í ṣe ìtumọ̀.

"Ìbálòpọ̀ àlòyó" lèmi ń sọ. Àjẹyó ń bẹ, àmuyó ń bẹ, kí ló wá ṣe àlòyó? Ọ̀gá ní òun ò gbọ́ ọ rí, ṣé ó ti gbọ́ "amóhùnmáwòrán" rí kí wọ́n tó dá a sílẹ̀ ni? Ẹni tó kàn mutí yó tó bá ara ẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì ò sí níbẹ̀ o, ẹni tó dìídì lo oògùn torí ìbálòpọ̀ ni, kó lè pẹ́, kí ìtìjú lọ.

Ẹ wo Máíkírà tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti Mápó, wọ́n gbé òkúta lé àsẹ́lẹ̀rétọ̀, wọ́n yọ bíréèkì, wọ́n tún fi àkísà bo iná dáṣíbọ́ọ̀dù. Bí oògùn yẹn ṣe ń ṣe ara nìyẹn, iná yẹn ni ìrora, ebi, oorun. Wákàtí mélòó kan á di ọjọ́ méjì, ara á bó wọn ò ní mọ̀, kọ́ńdọ̀mù á ti bọ́, oògùn HIV tó yẹ kí wọ́n lò láàárọ̀ á ti kọjá, ibẹ̀ ni HIV, àtọ̀sí àti sífílíìsì ń bá wọlé, hepatitis C (àrùn ẹ̀dọ̀) náà tí wọ́n bá jọ lo abẹ́rẹ́. Tí ọtí bá pàdé G, èémí lè dúró. Ẹni tó bá sì ti sùn lọ ò gbà fún ẹnikẹ́ni, oorun kì í sọ "bẹ́ẹ̀ ni".

PrEP, oògùn téèyàn ń lò ṣáájú, ń dènà HIV, kò kan sífílíìsì. Ẹni tí ò lo PrEP tọ́rọ̀ sì ṣẹlẹ̀ sí, PEP wà, oògùn téèyàn ń lò lẹ́yìn tọ́rọ̀ ti ṣẹlẹ̀ kí HIV má bàa ráyè, láàárín wákàtí 72 ló gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ọjọ́ 28 ló máa lò ó. Àmọ́ ó gbọ́dọ̀ lanu sọ̀rọ̀ ná, lórílẹ̀-èdè tó ti ṣòfin lòdì sí ìgbéyàwó àti ìbáṣepọ̀ ọkùnrin sí ọkùnrin ní 2014, ṣé "àgbèrè olóró" lẹ fẹ́ kó sọ fún nọ́ọ̀sì?

Mo bi nọ́ọ̀sì kan ládùúgbò wa pé èwo ló yé e nínú gbogbo ẹ̀. Ó ní "àlòyó" kọ́kọ́ dún bí orúkọ oúnjẹ létí òun, àmọ́ òun ò ní lejú mọ́ ẹni tó bá sọ ọ́.