Tí wọ́n bá ti dí ọ̀nà tí ásíìdì ń gbà gòkè: bí jíjẹ, mímu àti gùnfẹ̀ ṣe máa ń rí lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ

Ẹni tí àyà ti ń ta fún bí ọdún mẹ́wàá, tó jẹ́ pé orí pílò mẹ́ta ló ń sùn, tí omi kíkan máa ń dé ẹnu ẹ̀ lóru, tó ti lo omeprazole, oògùn tó ń dín ásíìdì inú àpòlúkù kù, títí tó fi sú u, ohun tó máa ń wà lọ́kàn ẹ̀ ni pé tí wọ́n bá ti ṣe iṣẹ́ abẹ báyìí, wàhálà ti tán nìyẹn. Lóòótọ́, ásíìdì yẹn sábà máa ń dúró, àyà ẹlòmíì kì í ta mọ́ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Àmọ́ ọ̀nà tí wọ́n dí mọ́ ásíìdì yẹn, òun náà ni afẹ́fẹ́ ń gbà jáde, òun náà ni èébì ń gbà jáde, òun náà sì ni oúnjẹ ń gbà wọlé, ibẹ̀ gan-an ni ìgbé ayé tuntun ti bẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ń ṣe jù kí ásíìdì má bàa gòkè mọ́ ni Nissen fundoplication. Rudolf Nissen, dókítà ará Jámánì, ló kọ́kọ́ ṣe é fún àìsàn yìí ní Basel, ní Switzerland, lọ́dún 1955. Òkè àpòlúkù, ibi tó fẹ̀ tó sì rọ̀ yẹn, ni wọ́n máa ń fà gba ẹ̀yìn ọ̀nà ọ̀fun, wọ́n á fi yí i ká bí ẹni wé ìborùn mọ́ ọrùn, wọ́n á wá rán an mọ́ra níwájú. Tí ihò tó wà lára awọ tó pín àyà àti ikùn bá ti fẹ̀ jù, tí àpòlúkù ti ń yọjú gba ibẹ̀, wọ́n á rán ìyẹn náà kó lè fún. Láti 1991 ni wọ́n ti ń fi kámẹ́rà ṣe é, ihò kéékèèké bíi márùn-ún ni wọ́n ń lu sí ikùn. Bí àpòlúkù bá ṣe ń kún sí i, bẹ́ẹ̀ ni ibi tí wọ́n wé yẹn á máa fún sí i, oúnjẹ á lè sọ̀ kalẹ̀, àmọ́ á ṣòro kó gòkè padà.

Ohun tó máa ń ya èèyàn lẹ́nu lọ́jọ́ kejì ni èjìká. Ikùn ni wọ́n lu, èjìká ló ń dunni! Wọ́n ti fẹ́ afẹ́fẹ́ carbon dioxide sínú ikùn kó lè wú kí kámẹ́rà lè ríran, ìyókù tí kò tíì jáde á wá kóra jọ sábẹ́ awọ tó pín àyà àti ikùn. Iṣan tó ń gbé ìròyìn ibẹ̀ lọ sí ọpọlọ, ọ̀nà kan náà ni òun àti ti èjìká ń gbà, ọpọlọ á wá ṣì í mú. Kéèyàn dìde máa rìn díẹ̀díẹ̀ máa ń ràn án lọ́wọ́, láàárín ọjọ́ mélòó kan ó ti lọ. Ọ̀pọ̀ ò lò ju alẹ́ kan tàbí méjì lọ ní ọsibítù, tí èébì bá sì ń gbé wọn, kíá ni nọ́ọ̀sì á gún wọn lábẹ́rẹ́ ẹ̀, torí tí wọ́n bá fi agbára bì ní ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn, ibi tí wọ́n rán lè já.

Oúnjẹ wá ni àgbà ọ̀rọ̀. Ibi tí wọ́n wé á kọ́kọ́ wú, torí náà nǹkan olómi ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀: ògì tó ṣàn dáadáa, omi ọbẹ̀ tí wọ́n sẹ́. Lẹ́yìn náà ló máa kan ohun tó rọ̀ tí wọ́n lọ̀ tàbí tẹ̀ mọ́lẹ̀, bí ẹyin, ẹ̀wà tó jinná tí wọ́n lọ̀ kúnná, mọ́ínmọ́ín tó rọ̀. Ìyẹn lè tó ọ̀sẹ̀ 4 sí 6. Búrẹ́dì àti ẹran gbígbẹ ló ń gbẹ̀yìn, torí tí itọ́ bá kan búrẹ́dì, ṣe ló ń di kókó.

Ìwé tí wọ́n ń fún aláìsàn nílẹ̀ òyìnbó ò sì ní dárúkọ òkèlè, bẹ́ẹ̀ òkèlè gan-an ló yẹ káwa bẹ̀rù, torí a kì í jẹ ẹ́ lẹ́nu, gbígbé la máa ń gbé e mì. Ẹni tó rò pé ara òun ti yá á gé ẹ̀bà bó ṣe máa ń gé e tẹ́lẹ̀, á rún un, á tì í bọ ewédú, á gbé e mì. Ó dé àárín àyà, ó dúró. Itọ́ á máa ru wá sẹ́nu, omi á lé lójú, wọ́n á ní kó mu omi, omi yẹn á gúnwà sórí òkèlè, á tún padà wá sọ́fun. Kó má fi nǹkan kan tì í o. Kó jókòó kó nàró, kó ní sùúrù, ó sábà máa ń sọ̀ fúnra ẹ̀. Àmọ́ tó bá pẹ́ tí ò lọ, tí itọ́ lásán ò ṣeé gbé mì, ọsibítù ló kàn. Kí òkèlè àkọ́kọ́ má ju hóró ẹ̀wà lọ, kí àmàlà tó rọ̀ ṣáájú, kí iyán tó ń fà gbẹ̀yìn pátápátá.

Gùnfẹ̀ náà ńkọ́? Ní oṣù àkọ́kọ́, ẹlòmíì ò ní lè gùnfẹ̀ rárá, afẹ́fẹ́ tó bá sì ti wọlé, ìsàlẹ̀ ló máa gbà jáde, ikùn á wú, èèyàn á máa só ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kò sì yẹ kójú ti ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ní kéèyàn jìnnà sí ẹlẹ́rìndòdò, bíà, ṣingọ́ọ̀mù àti fífi sítírọ́ọ̀ mu nǹkan. Àwọn tí àyà ti ń ta tipẹ́ tún ti mọ́ lára láti máa gbé itọ́ mì ṣáá, tí afẹ́fẹ́ ń bá a wọlé, àṣà yẹn ò sì ní lọ lọ́jọ́ kan. Oúnjẹ díẹ̀díẹ̀, bí ẹ̀ẹ̀marùn-ún tàbí mẹ́fà lóòjọ́, ló dáa jù, torí náà kí àwọn ará ilé má máa sọ pé "o ò mà jẹun" kí wọ́n tún bu sí i. Wọ́n á rù díẹ̀, ìyẹn kì í ṣe àìsàn.

Kẹ́ẹ̀gì omi, ọmọ pípọ̀n, gbogbo ohun tó bá wúwo ju bíi kílò 5 lọ á dúró ná fún ọ̀sẹ̀ 4 sí 6. Oògùn oníhóró ńlá náà lè há, kí wọ́n bi apòògùn bóyá ó ṣeé lọ̀, torí àwọn kan wà tí ò ṣeé lọ̀.

Tí gbígbé oúnjẹ mì bá ṣì nira lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, dókítà lè fi bàlúù kékeré, bíi fèrè tí wọ́n ń fẹ́, mú kí ibẹ̀ fẹ̀ láti ọ̀nà ọ̀fun láì tún lu ikùn. Ásíìdì náà lè padà wá. Ní Sweden, ìwádìí kan tó jáde ní 2017 tẹ̀ lé èèyàn 2,655 tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ yìí fún, ó padà sára 470 nínú wọn, 393 padà sídìí oògùn, 77 tún padà sórí tábìlì. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo àyà tó bá tún ta ló jẹ́ ásíìdì, torí náà kí ẹnikẹ́ni má kàn lọ ra omeprazole padà, kó jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rọ wọn ásíìdì tó wà lọ́nà ọ̀fun ẹ̀ ná.