Orúkọ mẹ́ta, olú kan

Ẹni tó bá wọ ilé ìtajà ńlá n'Íbàrà tàbí Òkè-Ìlewó l'Abẹ́òkúta, tí ọjà sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, lè rí olú bíi mẹ́ta nídìí fíríìjì: èyí tó funfun, tó rí róbótó, èyí tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, èyí tó fẹ̀ bí ọmọrí ìkòkò. Orúkọ ọ̀tọ̀, iye owó ọ̀tọ̀. Àwọn tó ń kọ́ni ní oúnjẹ sísè á máa dárúkọ wọn bí ẹni pé ìdílé mẹ́ta ni wọ́n: button, cremini, portobello. Ìdílé mẹ́ta kọ́. Olú kan ṣoṣo ni, Agaricus bisporus ni àwọn onímọ̀ ń pè é.

Portobello kò ju cremini tí wọn kò tètè já lọ. Wọ́n fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀ sí i, orí rẹ̀ ṣí bí agbòjò, abẹ́ rẹ̀ tó dúdú hàn síta, owó rẹ̀ sì gòkè. Èyí tó funfun ńkọ́? Gbogbo wọn ló pọ́n tẹ́lẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1926, nínú oko olú kan ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania l'Amẹ́ríkà, funfun kan hù láàárín àwọn pupa, bí wọ́n ṣe ń bí àfín sáàárín àwọn dúdú. Wọ́n tọ́jú rẹ̀, ó bí sí i, àwọn oníbàárà sì fẹ́ràn rẹ̀ ju àwọn tó bí i lọ.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí tètè yé ará Abẹ́òkúta, nítorí Ìtòkú, ọjà àdìrẹ wọn. Aṣọ funfun kan náà, ìkòkò aró kan náà. Èyí tí aláró rì lẹ́ẹ̀kan, ayìnrín ni. Èyí tó rì, tó sá, tó tún rì títí ọwọ́ ara rẹ̀ fi di dúdú, òun ló ń dán bí ìyẹ́ ẹyẹ, òun ló sì wọ́n. Oníbàárà tó bá wá bi aláró pé ìlú wo ni wọ́n ti ń hun èyí tó dúdú yìí, ẹ̀rín ló máa fi gbà.

Bí wọ́n ṣe ń fọ olú àti bí wọ́n ṣe ń sè é, alásè ló ni ìyẹn. Ibi tí ọ̀rọ̀ olú ti dùn jù ni èémí.

Olú ń mí bí èèyàn: ọ́síjìn ló ń fà sínú, kábọ́ọ̀nù dàyọ́ọ̀sáìdì ló ń tú síta. Ẹ wo èyí tí wọ́n ń pè ní oyster, tí àwọn àgbẹ̀ ń gbìn sínú ọ̀rá. Lẹ́búlẹ́bú pákó láti sọ́míìlì, eérí díẹ̀, ẹfun díẹ̀. Wọ́n á fi ooru omi sè é nínú dúrọ́ọ̀mù kí ohun mìíràn má bàa gba ibẹ̀. Bó bá tutù, wọ́n á da ọkà bàbà tí olú ti mú lára sí i. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, fọ́nrán funfun, ìyẹn ara olú fúnra rẹ̀, á ti kún inú ọ̀rá, á le gbagidi. Síbẹ̀, olú kankan kò ní hù. Ó ń jẹ igi rẹ̀, kò mọ̀ pé ìta wà.

Èémí ara rẹ̀ ló máa sọ fún un. Nínú ọ̀rá, bíi ti inú igi, ohun tó mí jáde kò ríbi lọ. Lọ́jọ́ tí àgbẹ̀ bá fi abẹ ya ọ̀rá, tó wọ́n omi sí yàrá, èémí àná á jáde, tuntun á wọlé. Nígbà náà ni olú máa mọ̀ pé òun ti dé etí ìta, níbi tí afẹ́fẹ́ ti lè gbé irúgbìn òun lọ. Bó bá kọ́kọ́ yọ, kò ní ju orí ìṣáná lọ. Bó bá di ọjọ́ kẹrin tàbí ìkarùn-ún, ó ti tó àtẹ́lẹwọ́.

Bí yàrá bá há, á rò pé inú ihò ni òun ṣì wà, á máa na ọrùn wá ìta. Oyster ọlọ́rùn ògòǹgò, tí orí rẹ̀ kò tó nǹkan, yàrá tí kò ní fèrèsé tó ló ti wá. Àwọn ará Japan ló sọ àléébù yìí di ọjà. Olú enoki inú igbó pọ́n bí oyin, ìdí rẹ̀ kúrú. Wọ́n gbìn ín sínú ìgò, nínú òtútù àti òkùnkùn, wọ́n wé nǹkan mọ́ ẹnu ìgò kí èémí rẹ̀ má ráyè lọ, ó sì yọ ní funfun, tín-ín-rín, bíi sùpàgẹ́tì. Ọgbọ́n burúkú.

Ṣùgbọ́n kìkì olú tó gbà kí èèyàn tọ́ òun nínú yàrá ló ń pọ̀ lórí pẹpẹ. Olú ọ̀gán kò gbà. Ikán ni bàbá ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ikán á jẹ igi àti ewé gbígbẹ, á fi ìgbẹ́ rẹ̀ mọ afárá bíi ti oyin sínú ọ̀gán. Olú á hù lórí afárá, á sọ ohun tó le di ohun tí ikán lè jẹ. Ó ti tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 30 ọdún tí wọ́n ti jọ ń dáko yìí, kò sì tíì sí ẹni tó gbìn ín láìsí ikán tó fi tó o tà. Nígbà òjò, ẹ̀bá títì àti ọjà bíi Lafẹ́nwá lèèyàn ti ń wá a. Ìdí rẹ̀ gùn wọnú ilẹ̀ lọ bá afárá. Ẹni tó bá fi ìkánjú fà á, ilẹ̀ ló máa jogún ìdajì. Bí ẹnikẹ́ni kò bá sì rà á títí di ìrọ̀lẹ́, á ti máa rọ̀ nínú ewé.