Ìbùṣán ejò ní Abẹ́òkúta: ìdènà àti ìtọ́jú àkọ́kọ́

Ìbùṣán ejò ni ọgbẹ́ tí eyín ejò dá sí ènìyàn lára. Kì í ṣe gbogbo ejò ló lóró, olóró pàápàá a sì máa buni ṣán nígbà mìíràn láìtu oró sílẹ̀. Ní 2017, Àjọ Ìlera Àgbáyé ka oró ejò mọ́ àwọn àìsàn ilẹ̀ olóoru tí a pa tì.

Ìdènà

Pàlàpálá àpáta pọ̀ ní Abẹ́òkúta, láti ẹ̀bá Olúmọ títí dé àwọn oko Ọ̀dẹ̀dá, ibẹ̀ sì ni eku àti ejò ń fara pamọ́ sí. Paramọ́lẹ̀ kì í tètè sá fún ènìyàn. Inú ewé gbígbẹ tó bá a láwọ̀ mu ló ń ba sí, àgbẹ̀ a sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bàtà òjò, tọ́ọ̀ṣì lálẹ́ àti gbígbá àyíká ilé mọ́ ṣe pàtàkì. Kí ọdẹ má ki ọwọ́ bọ ihò òkété.

Ìtọ́jú àkọ́kọ́

Kí wọ́n fi ejò sílẹ̀, kí wọ́n bọ́ òrùka àti ẹ̀gbà kí ibẹ̀ tó wú, kí wọ́n fi igi tọ́ ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ náà kí ó má mì. Kí aláìsàn má fẹsẹ̀ rìn. Bó bá jẹ́ ọ̀kadà ló wà, kí ó jókòó sáàárín awakọ̀ àti ẹni tí yóò gbá a mú. Kí ẹnì kan pe ilé ìwòsàn ṣáájú, kí ó bèèrè bóyá aporó wà. Lálẹ́, ọ̀pọ̀ a máa pe ejò ní "okùn ilẹ̀". Fún nọ́ọ̀sì, kí wọ́n pè é ní ejò gan-an, kí wọ́n sì sọ aago tó buni ṣán. Bí sèbé bá tutọ́ síni lójú, omi mímọ́ púpọ̀ ni kí wọ́n fi ṣan án.

Okùn dídè ń há oró paramọ́lẹ̀ mọ́ ojú kan, ẹran ibẹ̀ a sì kú. Bí wọ́n bá ti dè é pinpin, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n ti tú u. Gbẹ́rẹ́ léwu jù: ẹ̀jẹ̀ tí oró ti bà jẹ́ lè máà dá mọ́.

Àyẹ̀wò ogún ìṣẹ́jú

Àyẹ̀wò yìí, tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ aláìsàn ṣì ń dì, kò ná ilé ìwòsàn ní nǹkan kan tó bẹ́ẹ̀. Wọn a fa ẹ̀jẹ̀ mílílítà 2 sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ onígíláàsì, kì í ṣe oníke, wọn a gbé e kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20 láìmì í, wọn a sì dà á dẹ̀gbẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Bó bá ṣàn bí omi, oró ti ba dídì ẹ̀jẹ̀ jẹ́. Kí ìgò náà jẹ́ tuntun, nítorí ìgò tí wọ́n fi ọṣẹ fọ̀ lè mú kí ẹ̀jẹ̀ tó dára má dì. Àmọ́ ẹ̀jẹ̀ tó dì kò fi hàn pé kò sí oró: oró sèbé kì í sábà fọwọ́ kan dídì ẹ̀jẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tún un ṣe, tí wọ́n sì ń wo wíwú ẹsẹ̀ náà.

Aporó

EchiTAb-Plus-ICP, tí wọ́n ń ṣe ní Costa Rica, wà fún oró paramọ́lẹ̀ àti sèbé tó ń tutọ́. Inú iṣan ni wọ́n ń fà á sí, nílé ìwòsàn nìkan, nítorí ara aláìsàn lè kọ̀ ọ́ lójijì. Ìwọ̀n kan náà ni ọmọdé àti àgbà ń gbà, torí iye oró tí ejò tu sílẹ̀ ni wọ́n ń wọ̀n ọ́n sí, kì í ṣe bí ara ṣe tóbi tó.