Kí ni «Agbára Ará Ìlú» tó gbé Corazon Aquino dórí ipò?

Ó ń bí mi nínú bí àwọn kan ṣe máa ń kọ ọ́ pé «ìfipágbàjọba» ló sọ Corazon Aquino di ààrẹ Filipínì ní oṣù kejì ọdún 1986. Irọ́ ni. «People Power» ni wọ́n ń pe ohun tó ṣẹlẹ̀ náà lédè Gẹ̀ẹ́sì: aráàlú tú síta láìgbé ìbọn, títí Ferdinand Marcos tó jẹ́ ààrẹ nígbà náà fi fi ipò sílẹ̀. Báwo ni ká ṣe wá pè é ní Yorùbá? «Pípù Páwà» tí àwọn mìíràn ń kọ kò tú nǹkan kan fún òǹkàwé. «Agbára ènìyàn» ńkọ́? Létí Yorùbá, okun apá ẹnì kan ṣoṣo nìyẹn.

«Agbára mẹ̀kúnnù» ló ń dùn mí jù, torí ó fi òtítọ́ pamọ́. Lópòópónà EDSA ní Manila, láti ọjọ́ 22 sí ọjọ́ 25, àwọn sísítà ìjọ Kátólíìkì mú ròsárì lọ́wọ́ níwájú táǹkì ogun, ọlọ́jà wà níbẹ̀, olówó náà wà níbẹ̀. Corazon tí wọ́n ń pè ní Cory fúnra rẹ̀, ìdílé Cojuangco tó ni oko ìrèké ńlá Hacienda Luisita ló ti wá. Ẹni tó bá pè é ní ìjọba mẹ̀kúnnù, báwo ni yóò ṣe ṣàlàyé àwọn àgbẹ̀ tí agbófinró yìnbọn pa lójú ọ̀nà Mendiola ní Manila ní oṣù kìíní ọdún 1987, nígbà tí wọ́n ń bèèrè ilẹ̀? Òfin àtúnpín ilẹ̀ ti ọdún 1988 sì gba Luisita láyè láti fún àgbẹ̀ ní ìpín nínú ilé-iṣẹ́ dípò ilẹ̀ gan-an.

«Agbára ará ìlú» ni tèmi, torí kò yọ ẹnì kankan sílẹ̀. Ẹ wo ọkọ̀ ojú omi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi àjẹ̀ wà. Ọ̀gá jókòó, ó ń pàṣẹ. Lọ́jọ́ tí àwọn tó ń wà á bá gbé àjẹ̀ lé itan, kò sẹ́ni tó lu ọ̀gá, àmọ́ ọkọ̀ ò rìn mọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Marcos nìyẹn. Ó ní òun ló wọlé ìbò ọjọ́ 7 oṣù kejì, àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà ka ìbò dìde kúrò nídìí iṣẹ́. Kádínà Sin, olórí ìjọ Kátólíìkì ní Manila, ké sí aráàlú lórí Veritas, rédíò ìjọ náà, wọ́n tú jáde. Ológun kọ̀, wọn ò yìnbọn. Marcos gba Hawaii lọ.

Lóòótọ́, Enrile, mínísítà ètò ààbò, àti àwọn ọ̀gágun kan ti ń dìtẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àṣírí wọn tú, wọ́n sá wọ bárékè, aráàlú ló fi ara wọn ṣe odi yí wọn ká. Lára àwọn ọ̀gágun yẹn kan náà ló padà dojú ìbọn kọ Cory, èyí tó le jù sì wáyé ní oṣù kejìlá ọdún 1989. Ìyẹn ni kí ẹ pè ní ìdìtẹ̀gbàjọba.

Ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1987, tí wọ́n ṣe lábẹ́ ìjọba Cory, sọ pé sáà kan péré, ọdún 6, ni ààrẹ yóò lò. Àwọn kan rọ Cory pé òfin náà kò kàn án, pé kó tún dupò. Ó kọ̀. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún 1992, ó gbé ìjọba lé Fidel Ramos, ààrẹ tuntun tí wọ́n dìbò yàn, lọ́wọ́.