Kẹ́gì omi, rọ́bà pẹ́ńtì àti ara èèyàn: bí wọ́n ṣe ń kó agbára jọ láìsí irin jíìmù

Ọ̀pọ̀ àdúgbò l'Ékòó àti n'Íbàdàn ló ní jíìmù tí kò ní orúkọ kankan, ẹ̀yìnkùlé ẹnìkan ni, tàbí abẹ́ igi mángòrò kan báyìí, wọ́n á to irin gígùn tí wọ́n da kọnkéré sí lórí méjèèjì sílẹ̀, táyà tírélà kan á wà níbẹ̀, bẹ́ńṣì pákó kan, ó tán. Àwọn kan tó ń lò ó, ara wọn le ju ti ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń sanwó oṣooṣù ní jíìmù oní-AC lọ, kò sì sí awo kankan nídìí ẹ̀.

Bí iṣan ṣe ń le ni pé, èèyàn á gbé nǹkan kan títí dé ibi tó kù díẹ̀ kó má lè gbé e mọ́, á wá sinmi, á jẹun, á sùn, ara á tún ibi tó rẹ̀ yẹn ṣe, á sì fi díẹ̀ lé e de ìgbà míì. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́ gan-an, ọpọlọ ló ń kọ́ bó ṣe máa pe iṣan jọ sẹ́nu iṣẹ́, ìdí nìyẹn tágbára fi ń wá kí apá tó bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi. Ohun tó mú ìwúwo yẹn wá ò kan iṣan rárá. Bóyá ìgbà 8 lẹ́ ẹ lè gbé e ni o, bóyá ìgbà 30 ni, tó bá ṣáà ti jẹ́ pé èyí tó kẹ́yìn le gan-an, iṣan á tóbi. Ẹni tó bá fẹ́ máa gbé nǹkan ńlá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nìkan ló nílò ẹrù tó wúwo lóòótọ́. Fún ẹni tó kù, wàhálà tó wà níbẹ̀ ò ju ẹyọ kan lọ: báwo ni wọ́n ṣe máa máa fi kún un nígbà tí kò sí irin kílò méjì-méjì láti kì bọ̀ ọ́?

Ká mú ti kọnkéré, torí òun ló gba ọgbọ́n jù. Páìpù omi onírin tó nípọn ni wọ́n ń wá, bíi mítà kan ààbọ̀, èyí tó fẹ́lẹ́ á tẹ̀. Wẹ́dà á jó irin kéékèèké mọ́ ọn níkangun méjèèjì, níbi tí kọnkéré máa bò. Ọ̀pọ̀ ló ń fo ibi wẹ́dà yìí torí owó, àṣìṣe ńlá ni, torí kọnkéré tí kò rí nǹkan dì mú á bẹ̀rẹ̀ sí í yí lára páìpù, tó bá yá á yọ bọ́ lé ẹsẹ̀ ẹnìkan. Rọ́bà pẹ́ńtì lítà 4 ni wọ́n fi ń ṣe mọ́ọ̀dù. Wọ́n á po sìmẹ́ńtì ìwọ̀n 1, yanrìn 2, gíránáìtì 4, omi díẹ̀ kó má bàa ṣàn jù, wọ́n á gbé páìpù sí àárín rọ́bà, wọ́n á fi okùn fà á lọ́tùn-ún lósì kó lè dúró ṣánṣán, wọ́n á wá da kọnkéré yí i ká, wọ́n á máa gbá rọ́bà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ lè jáde. Tó bá ti dì, wọ́n á da orí kejì kọ ilẹ̀, wọ́n á ṣe tiẹ̀ náà. Kọnkéré lítà kan máa ń tó bíi kílò 2.4, rọ́bà kan tó kún á wá jẹ́ bíi kílò 9.5, orí méjèèjì á jẹ́ 19, ẹ fi ti páìpù kún un. Wọ́n gbọ́dọ̀ máa wọ́n omi sí i, kí wọ́n sì fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán, torí ọjọ́ 28 làwọn bíríkìlà máa ń kà fún kọnkéré kó tó le délẹ̀. Ẹni tó bá jù ú sílẹ̀ gbì lọ́jọ́ kẹta á kó èérún ẹ̀.

Àléébù ẹ̀ méjì ni. Kò ṣeé fi kún, ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n máa dá oríṣiríṣi, kékeré, àárín, ńlá, wọ́n á tò wọ́n tì ara wọn. Èkejì, irin jíìmù gidi máa ń yí níbi tí wọ́n ti ki ẹrù bọ̀ ọ́, eléyìí ò ní yí, torí náà kéèyàn já a gbà lẹ́ẹ̀kan náà látilẹ̀ dé àyà lè ṣe ọrùn ọwọ́ léṣe. Ẹ fi tì í sókè láyà, ẹ fi lóṣòó, ẹ tẹ̀ síwájú kẹ́ ẹ fà á mọ́ ikùn, ó tó.

Omi ló rọrùn jù láti fi kún. Lítà kan, kílò kan, kò ní ìṣirò kankan nínú. Kẹ́gì lítà 25 méjì tó kún, kílò 50 nìyẹn, ẹ gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan dání kẹ́ ẹ rìn títí ìka á fi fẹ́ tú. Tó bá jẹ́ ẹyọ kan lẹ́ ẹ gbé lọ́wọ́ ọ̀tún, ara á fẹ́ wọ́ sọ́tùn-ún, iṣan ẹ̀gbẹ́ òsì á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láìsí ẹni tó rán an. Ibi tó dùn sí nínú ọ̀rọ̀ omi nìyí: tí kẹ́gì bá kún dẹ́nu, omi inú ẹ̀ ò ráyè mì, ẹ bù ú dín sí ìdajì kẹ́ ẹ wá gbé e lé èjìká, á máa dà síhìn-ín dà sọ́hùn-ún, gbogbo ẹsẹ̀ tẹ́ ẹ bá gbé ló máa tì yín, ikùn àti ẹ̀yìn á sì máa dá a padà. Ó dín kù lóòótọ́, àmọ́ ó tún le sí i.

Bẹ́ẹ̀ náà ni yanrìn, àmọ́ tiẹ̀ burú jù. Ọmọ tó ti sùn lọ máa ń wúwo lọ́wọ́ ju ọmọ tó lajú lọ, bí àpò yanrìn ṣe rí gan-an nìyẹn, kò níbi tí wọ́n ń dì mú, ó sì ń rọ̀ sísàlẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń gbé e. Wọ́n máa ń di yanrìn gbígbẹ sínú ọ̀rá tó nípọn, kílò 5 tàbí 10 lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á wá kó ọ̀rá yẹn sínú àpò ìrẹsì, wọ́n ò ní jẹ́ kó kún. Ẹni tó bá ti lágbára sí i á kàn ju ọ̀rá kan sí i.

Táyà tírélà ẹ̀wẹ̀, fọkanáísà lè fún èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́, bíi kílò 50 sí 70 ni, wọ́n á tẹ́ ẹ sílẹ̀, wọ́n á máa gbé e dojú dé. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ má fi apá nìkan gbé e o, ibẹ̀ ni iṣan apá ti ń já. Àyà lẹ máa fi tì í, ìdí àti ẹsẹ̀ lẹ máa fi gbé e. Túbù àlòkù náà wúlò, ẹ gé e ní gígùn gígùn kẹ́ ẹ máa fà á, bó bá ṣe ń nà sí i ló ń le sí i.

Ti pé kí ara fúnra ẹ̀ jẹ́ ẹrù ńkọ́? Púṣọ́ọ̀pù lásán, nǹkan bí ìdá 64 nínú 100 ìwúwo ara ló wà lórí ọwọ́. Ẹni tó bá wọn kílò 70, bíi 45 ló ń tì. Tó bá gbé ọwọ́ lé nǹkan tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 60, ó bọ́ sí nǹkan bíi 41 nínú 100, ìyẹn kílò 29 péré, tó bá wá jẹ́ ẹsẹ̀ ló gbé lé e, ó di 74, kílò 52. Èèyàn ò sanra sí i, kò gbé nǹkan kan lé ẹ̀yìn, ibi tí ẹsẹ̀ wà nìkan ló yí padà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹsẹ̀ kan dípò méjì tẹ́ ẹ bá ń lóṣòó, tàbí kẹ́ ẹ máa lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 5 kẹ́ ẹ sì dúró sísàlẹ̀ kẹ́ ẹ tó dìde, ìgbà 10 á dà bí ìgbà 30.

Ohun tó ń sọnù nílé ni fífà. Títì pọ̀, fífà ò sí, àyà á le, ẹ̀yìn á wà bó ṣe wà, èjìká sì lè máa ká síwájú. Ẹ̀ka igi tó lè gbé èèyàn dúró ti tó fún un, ẹ fi táwẹ́lì kọ́ ọ, ẹ dì í mú ní ìkángun méjèèjì, ẹ fà ara yín sókè, ìka ló máa kọ́kọ́ rẹ̀. Ẹni tí kò tíì lè ṣe ìyẹn á dùbúlẹ̀ sábẹ́ tábìlì tó lágbára, á di etí ẹ̀ mú, á fa àyà mọ́ ọn.

Okùn náà wà. Ẹ dúró lé àárín ẹ̀, ẹ ká ìkángun méjèèjì mọ́ ọwọ́, ẹ fà á bíi pé ẹ fẹ́ gbé ara yín kúrò nílẹ̀. Nǹkan kan ò ní mì, agbára tẹ́ ẹ bá lò náà ló ń dá yín dúró, kò ní dín, kò ní jù. Àmọ́ ibi tí apá wà nígbà tẹ́ ẹ ń fà á lagbára yẹn ń mọ sí jù, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń fà á níbi mẹ́ta, nítòsí ilẹ̀, ní orúnkún, lókè itan, ìṣẹ́jú àáyá 5 sí 10 lọ́kọ̀ọ̀kan. Kẹ́ ẹ máa mí o. Ẹni tó bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru, kó kọ́kọ́ bi dókítà ẹ̀ kó tó sún mọ́ eléyìí.