Adágún orí òkè náà nísàlẹ̀

Bí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ tàbí ìjọ kan ní Ìjẹ̀bú-Òde bá ti ń múra àtilọ gun òkè Adó-Àwáyè, lọ́nà Ìsẹ́yìn, ẹnì kan ò ní ṣàì sọ ọ́: "Adágún Ìyáké tó wà lórí òkè yẹn, kò nísàlẹ̀ o." Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní Ṣàgámù náà nìyẹn. Ẹlòmíì á fi kún un pé wọ́n ti so okùn mọ́ okùn, wọ́n jù ú sómi, kò kan nǹkan kan. Mo fẹ́ràn irú ibi bẹ́ẹ̀, mo sì fẹ́ kí àwọn ará ilé wa máa lọ síbẹ̀, ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ ká yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò.

Kí ló dá omi dúró sórí òkè ná? Àpáta gíránáìtì ni òkè Adó, irú èyí tí a mọ̀ ní Olúmọ l'Ábẹ́òkúta. Ilẹ̀ wa kò rí bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ pupa àti yanrìn ló pọ̀ ní ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú: ẹ gbẹ́ kòtò sẹ́yìnkùlé, kí òjò rọ̀ kún un, kò ní pẹ́ tí ilẹ̀ á fi fà á mu. Àpáta kì í fa omi mu bẹ́ẹ̀. Níbi tí ojú rẹ̀ bá ti tẹ̀ díẹ̀, òjò á dúró. Omi náà á máa jẹ òkúta, á sọ apá kan rẹ̀ di amọ̀, àgbàrá àti ẹ̀fúùfù á gbá amọ̀ náà lọ, kòtò á máa fẹ̀, á máa jìn, fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Bí adágún ṣe ń dé orí àpáta nìyẹn. Ìsàlẹ̀ tí kò jò ló jẹ́ kí omi wà níbẹ̀ rárá. Ká ní kò sí ìsàlẹ̀, omi ì bá ti ṣàn lọ tipẹ́. Wọ́n ní kì í gbẹ lẹ́ẹ̀rùn. Bí kò bá rí ibi jò gbà, oòrùn àti ọyẹ́ nìkan ni yóò máa bù nínú rẹ̀ títí òjò á fi tún dé.

Okùn tí kò kan ilẹ̀ ńkọ́? Apẹja Ìwòpin tó ń fi ọ̀pá ti ọkọ̀ rẹ̀ lórí ọ̀sà lè dáhùn ìyẹn. Bó bá dé ibi tí ọ̀pá kò kan ilẹ̀ mọ́, kì í pariwo pé ọ̀sà ò nísàlẹ̀. Ọ̀pá ló kúrú. Á gbé àjẹ̀. Okùn tiẹ̀ burú ju ọ̀pá lọ. Okùn ọ̀rá aláwọ̀ búlúù tí a fi ń fa omi kànga, púpọ̀ nínú wọn ló ń léfòó. Ẹ so òkúta kékeré mọ́ ọn nídìí kí ẹ jù ú sómi: okùn á ká jọ sójú omi, èyí tó wọlé á dagun, ọwọ́ tó dì í mú ò ní mọ ìgbà tí òkúta dúró. Bó bá jẹ́ ẹrẹ̀ rírọ̀ ló wà nísàlẹ̀, òkúta á rì sínú rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹni tó wà lókè á ṣì máa tú okùn sílẹ̀.

Àwọn tó fara balẹ̀ wọ̀n ọ́n rí ìsàlẹ̀. Lórí òkè ayọnáyèéfín kan tó ti wó sínú ní Oregon, l'Amẹ́ríkà, adágún kan wà tí wọ́n ń pè ní Crater Lake. Ní 1886, àwọn tó ń wọn ilẹ̀ fún ìjọba gbé ọkọ̀ ojú omi lọ síbẹ̀, wọ́n so ìwọ̀n wúwo mọ́ wáyà dùùrù, wọ́n sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní ibi 168. Ibi tó jìn jù jẹ́ nǹkan bíi mítà 608. Ẹ̀rọ òde òní tó ń fi ìró wọn omi ní mítà 594 ni. Wáyà àti sùúrù ló ṣe ìyẹn! Baikal ní Rọ́ṣíà, tó jìn ju gbogbo adágún ayé lọ, mítà 1,642 ni, ó sì nísàlẹ̀.

Wọ́n tún máa ń sọ pé méjì péré ni irú Ìyáké láyé. Kò rí bẹ́ẹ̀: adágún Bujuku àti Kitandara wà lórí òkè Rwenzori ní Ùgáńdà, ti Teleki wà lórí òkè Kẹ́ńyà. Hanging Lake ní Colorado, tí wọ́n ń pè ní èkejì rẹ̀, omi rẹ̀ mọ́ gaara débi pé ẹni tó dúró létí ń rí ìsàlẹ̀.

Mi ò fi èyí tàbùkù ará Adó. Ohun ọ̀wọ̀ ni omi náà jẹ́ fún wọn, àwa tí a ní Agẹmọ sì mọ ohun tí èèwọ̀ jẹ́. Ohun tí amọ̀nà bá ní kí ẹ má ṣe, ẹ má ṣe é.

Ohun tó ń dùn mí ni pé ọ̀rọ̀ àìnísàlẹ̀ yìí ń gbé ojú àlejò lọ sí àárín omi, kò sì jẹ́ kó wo ibi tó fẹsẹ̀ tẹ̀. Etí adágún orí àpáta máa ń dàgẹ̀rẹ̀, ewédò máa ń bò ó. Ẹni tó bá yọ̀ wọlé kì í tètè rí nǹkan dì mú, omi tó dé àyà lásán sì lè pa ẹni tí kò mọ̀wẹ̀. Òkú ẹni tó rì máa ń kọ́kọ́ lọ sísàlẹ̀, ó lè tó ọjọ́ mélòó kan kó tó léfòó, àìrí i lọ́jọ́ náà ló ń di "adágún ti gbé e mì." Ọ̀dọ́ tó fẹ́ bẹ́ sínú rẹ̀ kó lè fi hàn pé irọ́ ni ìtàn náà wà nínú ewu kan náà.

Torí náà, ẹ kúrò nílé ní ìdájí kí ẹ lè gòkè kí oòrùn tó le. Ẹ gbé omi mímu dání, má fojú kéré gaàrí Ìjẹ̀bú. Bàtà tó ní eyín lábẹ́ ni kí ẹ wọ̀. Sílípáàsì ò dáa fún àpáta. Ẹ di ọmọdé lọ́wọ́ mú, kí ẹ jókòó jìnnà sétí omi. Bí ẹnì kan bá já sínú rẹ̀, ẹ má bẹ́ tẹ̀ lé e: ẹ so kẹ́ẹ̀gì òfìfo tí ẹ dé pa mọ́ okùn, ẹ jù ú sí i. Kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ ṣì mọ́ kedere, torí orúnkún tó ti rẹ̀ kì í fẹ́ gba àtẹ̀gùn wálẹ̀.