Ohun Tó Ń Dún Nínú Kọ̀ǹpútà

Ọmọ iṣẹ́ mi kan tẹ kíbọ́ọ̀dù ní Adó-Èkìtì níbí, ó yíjú sí mi: "Ọ̀gá, kí ló ń dún nínú kọ̀ǹpútà yìí gan-an? Kò ní awọ, kò ní okùn, ẹnikẹ́ni ò sì fọn ún." Ìbéèrè rẹ̀ dùn mọ́ mi. Oscillator ló ń dún, ó sì ti wà ṣáájú kọ̀ǹpútà.

Nǹkan tí ń lọ tí ń bọ̀ láìsinmi ni. Bó bá lọ tó bọ̀ nígbà 440 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ohùn tí àwọn olórin ń pè ní A nìyẹn. Inú àwọn ìgò oníná bíi ti rédíò àtijọ́ ló ń gbé tẹ́lẹ̀. Ní 1920, Leon Theremin, ará Rọ́ṣíà, lo oscillator méjì tí wọ́n ń mì yára kọjá ohun tí etí lè gbọ́; ìyàtọ̀ àárín wọn ló wá di orin, ọwọ́ tó ń jù nínú afẹ́fẹ́ ló sì fi ń darí rẹ̀. Robert Moog, tó ń ṣe irú ẹ̀rọ yìí tà láti ìgbà èwe rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, gbé synthesizer tirẹ̀, ẹ̀rọ tó ń fi iná ṣẹ̀dá ohùn orin, jáde ní 1964.

Àmọ́ ọ̀dọ̀ Max Mathews ni èyí tó wà níwájú wa ti ṣẹ̀. Ní 1957, ní Bell Labs, ilé ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà, ó kọ ètò tí kọ̀ǹpútà IBM 704 fi gbé orin ìṣẹ́jú-àáyá 17 jáde. Nígbà tó yá, ó to nọ́ńbà tó jẹ́ àwòrán ìgbì kan ṣoṣo kalẹ̀, kọ̀ǹpútà á kà á dópin, á tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Bó bá yára kà á, ohùn á ga; bó bá rọra kà á, ohùn á wálẹ̀. Ẹnu máa ń yà mí síbẹ̀ títí dòní: ohun tó ń mì ti di ìṣirò! Ní 1999, Steinberg, ilé iṣẹ́ ètò orin ní Jámánì, ṣí ọ̀nà tí irú ohun èlò orin oníṣirò bẹ́ẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́ nínú VST, ìlànà wọn tó ń jẹ́ kí ètò kékeré ṣiṣẹ́ nínú ètò orin ńlá.

Mo ní kí ọmọ náà pa gbogbo nǹkan yòókù, kó ku oscillator kan. Ìgbì tó ń lọ tó ń bọ̀ jẹ́jẹ́, tí kò ní igun, dún bíi fèrè, torí 440 nìkan ló wà nínú rẹ̀. Ó yí i sí ìgbì eléyín ayùn, ohùn náà le, ó ń ha bíi gòjé: 440, 880, 1320 àti bẹ́ẹ̀ lọ ló kún inú rẹ̀. Ìgbì onígun mẹ́rin fo 880, ó mú 1320 àti 2200, ó wá dún bí ohun tó ní ihò nínú.

Lẹ́yìn náà a padà sí ìgbì eléyín ayùn, a fi irú rẹ̀ kejì kún un, a gbé ìkejì yìí sí 442. Ohùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ó ń fà sẹ́yìn, ẹ̀ẹ̀mejì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni nígbà tí àwọn ìyá wa bá ń lé àlámọ̀: ohùn wọn kì í dọ́gba pátápátá, ìyẹn ló ń jẹ́ kó kún ilé. Ó dá a padà sí 440, ohùn náà gbẹ. Ó wojú mi, ó sì tún rọra gbé e lọ sí 442.